Ẹ̀tọ́ Tí Kò Béèrè Pasipọ́ọ̀tù: Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Wa ní Torino àti Padova, àti Àkọsílẹ̀ Ìjọba

Ní ọjọ́ 8 àti ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n dìbò ní Ítálì lórí bóyá kí ọdún mẹ́wàá tí àjèjì gbọ́dọ̀ fi gbé ìlú kó tó lè béèrè fún ìwé ọmọ-ìlú di ọdún márùn-ún. Àwọn tó jáde dìbò kò pé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Òfin sì ní wọ́n gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ. Ìbò náà já sí òfo, òfin ọdún 1992 sì wà níbi tó wà. Èyí tó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an kò lè dìbò. Ọmọ tí wọ́n bí sí Torino, tó lọ ilé ìwé ní Barriera di Milano, tí èdè Ítálì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, jókòó sílé lọ́jọ́ náà, ó ń wo àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀.

Ìbò yẹn ti kọjá. Ẹ̀tọ́ mìíràn kan wà tí mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò lónìí. Ó ti wà lọ́wọ́ yín láti ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2016, ọ̀pọ̀ nínú yín kò sì mọ̀ pé ó wà. Òfin tí wọ́n ń pè ní decreto legislativo 33 ti ọdún 2013, lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2016, sọ pé ẹnikẹ́ni lè béèrè àkọsílẹ̀ tàbí ìwé tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Chiunque ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò. Wọn kò kọ cittadino, wọn kò kọ residente. Ọmọ ọdún 19 tí permesso rẹ̀ ṣì há sí questura ní in bákan náà bí agbẹjọ́rò tó ń gbé àárín ìlú Milano ṣe ní in. Òfin àtijọ́, ti ọdún 1990, ní kí èèyàn kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan òun tààrà kí wọ́n tó dá a lóhùn. Ti ọdún 2016 ní kò pọn dandan kí ẹni tó béèrè ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan yé wa. Nílé, bí ènìyàn bá ní dátà òun ti tán, íńtánẹ́ẹ̀tì orí fóònù ló ń sọ. Dátà tí mò ń sọ níbí ni àkọsílẹ̀ tí ìjọba ń fi owó orí kó jọ, títí kan owó orí àwọn òbí yín tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá àti ní ilé ìtọ́jú arúgbó: iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kan, ọdún tí wọ́n kọ́ ilé ìwé, bí afẹ́fẹ́ ṣe rí ní àdúgbò, iye tí Comune ná sórí títì. Bí ìjọba bá gbé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sórí ìkànnì, tí kọ̀ǹpútà lè kà á, tí òfin sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó bó ṣe fẹ́ láìsan kọ́bọ̀, òun ni ayé ń pè ní open data. Màá máa pè é ní dátà gbangba.

Ẹ̀yin ará Torino lè fi èyí yangàn díẹ̀: ìpínlẹ̀ Piemonte ló kọ́kọ́ ṣí ìkànnì dátà gbangba nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Ítálì, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ìjọba Obama ṣí ti Amẹ́ríkà. Ìjọba àpapọ̀ ní Róòmù kò ṣí dati.gov.it títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2011. CSI Piemonte, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìjọba ìpínlẹ̀ náà, àti àwọn onímọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Politecnico tí wọ́n dá ibùdó Nexa sílẹ̀, wà lára àwọn tó ti ọ̀rọ̀ náà síwájú. Àwọn ènìyàn yìí kò jìnnà sí yín. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì láti Porta Palazzo á dé ọ̀dọ̀ wọn kí orin bíi mélòó kan tó tán létí rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni kí ìkànnì wà, ọ̀tọ̀ sì ni kí ohun tó yẹ wà nínú rẹ̀. Ìtàn tó la ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù ṣẹlẹ̀ ní Rivoli, ìlú tí corso Francia gùn dé láti Torino.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2008, àjà kíláàsì kan já lulẹ̀ ní Liceo Darwin nígbà tí àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún 17 kan kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fara pa. Páìpù irin wúwo kan, tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, ni wọ́n ti fi sílẹ̀ sí òkè àjà náà láti ìgbà pípẹ́. Ilẹ̀kùn kékeré wà tí èèyàn lè gbà gun òkè ọ̀hún. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́, ohun tó hàn ni pé kò sẹ́ni tó gun ibẹ̀ lọ wò. Ní oṣù Kejì ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Ítálì fìdí ẹ̀bi múlẹ̀ lórí àwọn mẹ́fà: òṣìṣẹ́ ìjọba ẹkùn Torino mẹ́ta àti olùkọ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ààbò ilé ìwé náà wà ní ìkáwọ́ wọn.

Ẹ wá wo ohun tó wà nílẹ̀ kí ọmọ yẹn tó kú. Ní ọdún 1996, wọ́n ṣe òfin kan, nọ́ńbà 23, tó ní kí ìjọba ní ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ilé tí àwọn ọmọ ti ń kàwé: ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, ẹni tó ni ín, ìwé ẹ̀rí tó ní, bó ṣe lágbára sí. Anagrafe dell'edilizia scolastica ni orúkọ rẹ̀. Òfin kan náà ló pín iṣẹ́: Comune ló ni ilé ìwé àwọn ọmọdé àti ti scuola media, ẹkùn ló ni ti superiori. Ìyẹn ni pé ọdún méjìlá ṣáájú Rivoli ni wọ́n ti mọ̀ pé ó yẹ kí irú àkọsílẹ̀ yìí wà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó tirẹ̀ jọ bó ṣe wù ú, àwọn kan yára, àwọn kan fà á nílẹ̀, èyí tí wọ́n sì kó jọ wà nínú kọ̀ǹpútà ìjọba tí òbí kankan kò lè ṣí.

Lẹ́yìn Rivoli pàápàá, wọn kò gbé e síta. Cittadinanzattiva, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú, ló gbé iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ lọ sílé-ẹjọ́ TAR ìpínlẹ̀ Lazio. Ní ọdún 2014, adájọ́ gbè wọ́n. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, ìjọba gbé àkọsílẹ̀ náà jáde. Láti 1996 sí 2015 jẹ́ ọdún 19. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ṣe òfin náà ti ka ìwé tán ní superiori kí òbí rẹ̀ tó lè wo irú ilé tó ti kà á.

Àkọsílẹ̀ náà fi hàn pé ó lé ní 33,000 ilé ìwé tí wọ́n ń lò káàkiri orílẹ̀-èdè náà, pé ó ju ìdajì wọn lọ tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1976, pé àwọn tó ní certificato di agibilità, ìwé tó jẹ́rìí sí i pé ilé náà yẹ fún ènìyàn láti wọ̀, kò sì tó ìdajì. Ìwé ẹ̀rí tí kò sí kò túmọ̀ sí pé ilé fẹ́ wó. Ó túmọ̀ sí pé kò sí ìwé kankan tó jẹ́rìí sí i pé kò ní wó.

Ǹjẹ́ bí àkọsílẹ̀ yìí bá ti wà ní gbangba ní 2008, ṣé ọmọ yẹn ì bá wà láàyè? Mi ò ní purọ́ fún yín, kò dá mi lójú. Páìpù tí ẹnikẹ́ni kò wò kò lè wọ inú ìwé. Àwọn tó ń polongo dátà gbangba máa ń sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn bí ẹni pé gbogbo òtítọ́ ti wà nínú fáìlì, tó jẹ́ pé ṣíṣí nìkan ló kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fáìlì ò lè mọ ohun tí ojú ènìyàn kò tíì rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àkọsílẹ̀ gbangba lè ṣe. Bí tábìlì bá ní àyè fún ọjọ́ tí wọ́n yẹ òkè àjà wò kẹ́yìn, tí àyè yẹn sì ṣófo níwájú orúkọ ilé ìwé ọmọ mi, àyè tó ṣófo náà ti sọ̀rọ̀. Mo lè mú un lọ sí ìpàdé òbí, mo lè mú un lọ bá oníròyìn. Bí wọ́n bá pa tábìlì náà mọ́ sí ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ohunkóhun ṣófo.

Nísinsìnyí, ìkànnì kan wà tí wọ́n ń pè ní Portale Unico dei Dati della Scuola, tí òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2015, nọ́ńbà 107, pa láṣẹ. Òfin kan náà ló sọ ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá di ọjọ́ ààbò ilé ìwé jákèjádò Ítálì, ní ìrántí Rivoli. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní codice tirẹ̀; ti ẹkùn Torino bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TO, ti Padova pẹ̀lú PD, ti Brescia pẹ̀lú BS. Ẹ wá ti ilé ìwé yín tàbí ti àwọn àbúrò yín. Ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà, ẹ wo ìwé ẹ̀rí tó ní, kí ẹ sì wo ibi tí wọn kò kọ nǹkan kan sí. Àwọn ọmọ kíláàsì kan tilẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́: láti ọdún 2013 ni ètò A Scuola di OpenCoesione ti ń jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ superiori mú iṣẹ́ kan tí owó ìjọba àti ti Yúróòpù ń lọ sí, kí wọ́n tọpa owó náà nínú dátà, kí wọ́n wá fẹsẹ̀ ara wọn lọ wò bóyá iṣẹ́ náà wà níbi tí ìwé ní ó wà. Láàárín irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ló ní ìwé ọmọ-ìlú, ta ni kò ní. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú tí wọ́n fi ń ṣọ́ owó yẹn, tiyín wà lára rẹ̀.

Bó ṣe rí ní ilé ìwé náà ló rí nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Padova mọ Arcella dáadáa, àdúgbò tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, lódìkejì afárá Borgomagno, níbi tí ọ̀pọ̀ àjèjì ń gbé nítorí pé owó ilé rọjú díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, ti ARPAV, iléeṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀ Veneto. Òfin Yúróòpù ní eruku wínníwínní tí wọ́n ń pè ní PM10 kò gbọ́dọ̀ ju 50 microgram lọ nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ fún ohun tó ju ọjọ́ 35 lọ lọ́dún. Ní ọdún 2022, nínú ìṣirò tí ẹgbẹ́ Legambiente ṣe, ẹ̀rọ Arcella kọjá ààlà náà ní ọjọ́ 70. Ti Grugliasco, ní ẹ̀gbẹ́ Torino, kọjá a ní ọjọ́ 98, òun ló sì burú jù nínú àwọn ìlú ńlá tí wọ́n kà. Legambiente kọ́ ló wọn afẹ́fẹ́ o. Ìjọba ló wọ̀n ọ́n, ó gbé iye rẹ̀ síta lójoojúmọ́, ẹgbẹ́ náà kàn ro ó pọ̀ ni.

Lóòótọ́, àwọn òkè Alps ló ká àfonífojì Po mọ́ tí atẹ́gùn kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná àti oko ẹran sì ń fi kún ẹrù náà. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ Yúróòpù kò gba àwáwí yẹn: ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ó dá Ítálì lẹ́bi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún léraléra ló ti ń ré ààlà PM10 kọjá. Iye tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rí tó wà níwájú adájọ́.

Àléébù kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ẹ̀rọ kan, imú kan ni. Kò gbọ́ òórùn títì tó wà níwájú ilé yín bí ó bá jìnnà sí i. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ Torino Respira fún àwọn ará ìlú ní ohun èlò kéékèèké láti fi wọn nitrogen dioxide, èyí tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, níwájú ilé wọn fúnra wọn. Ó wù mí kí n mọ iye ojúde àwọn ènìyàn wa tó wà lára ibi tí wọ́n gbé e kọ́ sí. Ibi tí àwọn tó ráyè, tó gbọ́ nípa ètò náà, bá ń gbé ni irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ sábà máa ń pọ̀ sí. Ìyá tó ń jáde ní aago mẹ́rin ìdájí láti lọ nu ọ́fíìsì kò ráyè kọ́ ohun kankan sójú fèrèsé.

Ẹ má rò pé ìgbà tí ìjọba bá gbàgbé nìkan ni àkọsílẹ̀ tó wà ní ìpamọ́ máa ń pani lára. Nígbà mìíràn, àṣìṣe ni. Ẹ rántí ìgbà Covid. Láti oṣù Kẹta ọdún 2020 ni Protezione Civile ti ń gbé iye àwọn tó kó àrùn náà sórí GitHub lójoojúmọ́, gbogbo ayé sì ń lò ó. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ pupa, ọsàn àti òféèfèé pín àwọn ìpínlẹ̀, lórí ohun ìdíwọ̀n 21, èyí tó pọ̀ jù nínú dátà tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ ni kò sì sí níta. Àwọn ẹgbẹ́ kan, tí onData wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Dati Bene Comune, wọ́n ní kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ jáde kí àwọn onímọ̀ lè tún un ṣírò.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, Lombardia di pupa. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ tì, àwọn ọmọ tó wà ní ìpele kejì scuola media sókè padà sídìí kọ̀ǹpútà nílé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní rárá o, kò yẹ kó jẹ́ pupa: àwọn tí ara wọn ti yá ṣì wà nínú iye àwọn tó ń ṣàìsàn, nítorí bí wọ́n ṣe kọ ipò aláìsàn sínú fáìlì, tàbí bí wọn kò ṣe kọ ọ́. Wọ́n dá Lombardia padà sí àwọ̀ ọsàn. Ìpínlẹ̀ náà ní ẹ̀bi Istituto Superiore di Sanità ni, Istituto ní ìpínlẹ̀ ló fi nǹkan tí kò pé ránṣẹ́, tó tún wá ṣàtúnṣe rẹ̀. Ẹni yòówù kó jẹ̀bi, àwọn ènìyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá ló lo bí ọ̀sẹ̀ kan nínú ìsémọ́lé tí kò yẹ. Iléeṣẹ́ méjì péré ló ń rí fáìlì náà, àwọn méjèèjì sì ń wo ara wọn lójú. Èrò tèmi ni pé bó bá wà níta, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi gbogbo òru ya àwòrán Covid sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn ì bá ti rí i kó tó di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ míì tó súnmọ́ ilé wa ju ìyẹn lọ: ní ọdún 2020 kan náà, ìjọba ní kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko, tó ń tọ́jú arúgbó, tó ń ṣe iṣẹ́ inú ilé láìní ìwé wá tọrọ permesso. Ìwé tó wọlé lé ní 207,000. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ dákẹ́. Àwọn ènìyàn ń dúró, agbanisíṣẹ́ ń béèrè, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Ìpolongo tí wọ́n ń pè ní Ero Straniero ló lo accesso civico, ẹ̀tọ́ chiunque tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, láti béèrè iye lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ìdáhùn ni pé títí di ìparí ọdún 2020, nínú 100 ènìyàn tó kọ̀wé, àwọn tó ti rí permesso gbà kò pé ẹnìkan. Ìgbà yẹn ni ohun tí oníkálukú rò pé orí burúkú tòun nìkan ni di ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn ń kọ. Màmá tó ti ń gbààwẹ̀ nítorí pé ó rò pé ẹnìkan ní abúlé ló ń dí òun lọ́wọ́ wá rí i pé àwọn 200,000 mìíràn ló wà lórí ìlà kan náà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yin fúnra yín nínú dátà. Àwọn àgbà wa ní a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ìjọba ń kà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà ń kà ṣàjèjì díẹ̀. ISTAT ń ka ènìyàn ní ìbámu pẹ̀lú ìwé ọmọ-ìlú tó ní. Nínú tábìlì wọn, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Ítálì lé ní 100,000. Yorùbá kò sí níbẹ̀, Ẹ̀dó kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Torino mọ̀ pé àwọn ará Ẹ̀dó pọ̀ jù wá lọ níbẹ̀ dáadáa. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2022 sí 2023, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ìwé ọmọ-ìlú Ítálì lé ní 900,000, ó sì ju mẹ́fà nínú mẹ́wàá wọn lọ tí wọ́n bí sí Ítálì gan-an. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú yín bá búra ní Comune tó gba ìwé rẹ̀, ó kúrò nínú tábìlì àjèjì. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ wa tó ti di ọmọ-ìlú ń rí iṣẹ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni tábìlì kò ní dá wa lóhùn. Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: àwọn olùwádìí ń lo ìlú tí wọ́n bí òbí sí, nínú ìwádìí tí kò kan gbogbo ènìyàn.

Àwọn ẹ̀gbọ́n yín ní Lọndọnu á bi yín pé kí ló dé tí wọn kò ṣe bíi ti Bírítéènì, tó ti ń béèrè ẹ̀yà nínú ìkànìyàn láti 1991. Ìdí wà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 1938, ìjọba Mussolini ka gbogbo àwọn Júù tó wà ní Ítálì. Wọ́n ní ìkànìyàn lásán ni. Nígbà tí àwọn Násì gba àríwá Ítálì ní 1943, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi wá ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ní Torino àti ní Padova pẹ̀lú. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ará Ítálì kan ní òun kò fẹ́ kí ìjọba kọ ẹ̀yà ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹ má yára sọ pé kò fẹ́ràn yín. Èmi náà ń ṣiyèméjì lórí rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n rí wa nígbà tí wọ́n bá ń ṣètò, mi ò sì fẹ́ kí orúkọ wa wà nínú fáìlì kan tí ìjọba ọ̀la lè lò bó ṣe wù ú.

Ẹ má sì rò pé òyìnbó nìkan ló ní irú òfin yìí. Òfin FOI Nàìjíríà, tí Jonathan fọwọ́ sí ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, ti fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ yìí ṣáájú ti Ítálì, ọjọ́ méje ló sì fún iléeṣẹ́ láti dáhùn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní kò kan àwọn. Ekiti ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2011 kan náà, àwọn yòókù ń ṣe àwáwí, títí ilé-ẹjọ́ tó ga jù fi sọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ó kan gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó ti ní ìkànnì dátà gbangba láti 2013. Ní Èkó, BudgIT ti ń tú ìwé ìṣúná ìjọba sí àwòrán tí ìyá ọlọ́jà lè lóye láti 2011. Ẹni tó bá ń gbé Verona lè kọ̀wé láti ibẹ̀ béèrè iye tí wọ́n ná sí títì abúlé bàbá rẹ̀. Bóyá wọ́n á dáhùn ni ọ̀rọ̀ mìíràn.

Bí a ṣe ń béèrè ní Ítálì kò le. Ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tí àkọsílẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kọ accesso civico generalizzato sókè rẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ ní pàtó, ọdún sí ọdún, kí ẹ sì ní fáìlì tí kọ̀ǹpútà lè kà ni ẹ fẹ́, nítorí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n ya fọ́tò ìwé ránṣẹ́. Ẹ fi carta d'identità sí i, tàbí kí ẹ lo SPID. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ní ọjọ́ 30. Bí wọ́n bá dákẹ́ tàbí kọ̀, ẹ béèrè riesame lọ́wọ́ ẹni tó ń bójútó ìṣàfihàn ní iléeṣẹ́ náà, òun ní ọjọ́ 20. Bó bá jẹ́ Comune tàbí ìpínlẹ̀, difensore civico wà tí kì í gba owó. TAR náà wà, ṣùgbọ́n owó agbẹjọ́rò ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n lè kọ̀ bí ohun tí ẹ béèrè bá tú àṣírí ẹlòmíràn, ìyẹn sì tọ́.

Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ máa béèrè, mo ní ọ̀kan. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ítálì, tó gbé ibẹ̀ lábẹ́ òfin láìdáwọ́ dúró títí ó fi pé ọdún 18, ní ọdún kan péré láti lọ sọ ní Comune pé òun fẹ́ di ọmọ-ìlú. Láti ọdún 2013, òfin ní Comune gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí i láàárín oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìbí náà láti fi tó o létí. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ̀tọ́ ọmọ náà kò pin ní ọdún 19. Ó lè lọ lẹ́yìn ìgbà náà. Mo mọ ọmọ méjì tí ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé sí, tí wọ́n sì rò pé ó ti bọ́.

Mo ti kọ̀wé sí Comune kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo béèrè iye ọmọ tí wọ́n bí sí Ítálì tí kò ní ìwé ọmọ-ìlú, tó pé ọdún 18 níbẹ̀ láti 2020 sí 2024, àti iye lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kejìlélógún rèé. Wọ́n ti fi nọ́ńbà protocollo ránṣẹ́ sí mi.